Ìpín Táyé

Bí ẹ bá fún Kẹ́hìndé Ajíbóyè ní nǹkan, kò ní dúpẹ́ kó tó béèrè ti èkejì rẹ̀. "Ti Táyé ńkọ́?" ni yóò wí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Kò sí ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò ńbẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò Ìtamàga ń pè ní Ìyá Ìbejì, kì í ra nǹkan ní ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ bísíkíìtì kan ṣoṣo ló kù nínú páálí, yóò dá a sí méjì, yóò gbé ìdajì méjèèjì sókè, yóò fi ojú wọ̀n wọ́n, kí ọ̀kan má lọ tóbi ju èkejì. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá sùn, ẹni tó wà lójúfò ni yóò bá a gba tirẹ̀, yóò gbé e pamọ́ dè é, kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú obìnrin yẹn, kó fún ọ̀kan, kí èkejì máa wòran.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, ilé ẹlẹ́ni-púpọ̀ ni wọ́n sì háyà ní Ìtamàga. Bàbá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, ó sì máa ń ṣú kó tó wọlé, débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ mọ bàtà rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Táyé ló kọ́kọ́ wáyé, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e, àmọ́ àwa náà mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé jáde kó lọ wo bí ayé ṣe rí. Kẹ́hìndé ò fi ipò yìí ṣeré rárá. Á rán Táyé lọ bu omi wá, á rán an lọ mú bàtà wá, Táyé á kùn, á sì lọ. Wọ́n jọra débi pé àwọn alájọgbélé wọn kì í dá wọn mọ̀. Àpá kékeré kan tó wà lábẹ́ àgbọ̀n Táyé, níbi tó ti ṣubú lu ẹ̀rọ omi, nìkan ni ìyàtọ̀, ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn kò sì ní rí i.

Wọ́n wà ní kíláàsì kẹfà lọ́dún 2002 nígbà tí ọ̀rọ̀ ìdánwò náà dé. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun kan ti ṣí sí Ẹ̀pẹ́ fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn pé ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ibẹ̀ ni wọn yóò máa gbé, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa jẹun, àwọn olùkọ́ tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà ni yóò sì máa kọ́ wọn. Ìdánwò tí wọ́n fi ń ṣa àwọn ọmọ náà kò jọ èyí tí a mọ̀. Wọn kì í béèrè olú-ìlú Gánà, wọn kì í béèrè ẹni tó jẹ gómìnà. Wọ́n á ya àwòrán mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n á ní kí ọmọ sọ èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Wọ́n á ká bébà, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á ní kó sọ ibi tí ihò yóò wà bí wọ́n bá tú u. Tíṣà Fáṣínà, olùkọ́ wọn, ní kò sí ẹ̀kọ́ tó lè ran èèyàn lọ́wọ́ níbẹ̀, pé orí ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ wò. Nínú gbogbo kíláàsì, àwọn ìbejì yìí nìkan ló mú. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún wọn, inú rẹ̀ sì ń dùn kiri.

Àfi bí ibà ṣe gbé Táyé dè lọ́jọ́ ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Ìkòródú. Kẹ́hìndé nìkan ló lọ. Wọ́n gbé e jókòó, wọ́n fi àga Táyé tó ṣófo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà ò sì lè gbé ojú kúrò lára àga yẹn. Látìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tíì dá jókòó síbi kankan rí. Bó bá ti dáhùn ìbéèrè méjì, yóò wo àga, yóò rò ó pé ṣé Táyé ti jẹun, yóò tún padà sórí ìwé. Kí ó tó mọ̀, wọ́n ti ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú ojú tó rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì rò pé òòrùn ló mú un.

Tíṣà Fáṣínà ló lọ bẹ àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà. Ó ṣàlàyé pé ara ọmọ kan ò yá, wọ́n sì gbà pé kó wá kọ ọ́ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn ọmọ apá ibẹ̀ bá ń kọ tiwọn. Ara Táyé ti ń balẹ̀ bọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ibà náà tún dé, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá Ìbejì wo ọmọ tó dùbúlẹ̀, ó wo yunifọ́ọ̀mù tó ti lọ̀ kalẹ̀, ó sì yíjú sí Kẹ́hìndé tó ń fọ ẹnu lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ Sátidé.

"Múra," ló wí fún un. "Lọ bá èkejì rẹ gba tirẹ̀ wá."

Ẹ má pe obìnrin yìí ní ọ̀daràn. Kò rò ó pé òun ń yan ẹnikẹ́ni jẹ. Lójú tirẹ̀, nǹkan dáadáa kan ni wọ́n ń pín, ọmọ òun kan ń ṣàìsàn, èkejì rẹ̀ yóò sì bá a gba ìpín rẹ̀ kó má bàa fò ó. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré ni. Ibi tí obìnrin náà ti ṣìṣe ni pé kò mọ̀ pé nǹkan kan wà láyé tí èèyàn kì í báni gbà.

Wọ́n wọ ọkọ̀ gba Ìmọ́ta, wọ́n gba Agbówà, wọ́n dé Ẹ̀pẹ́ nígbà tí òórùn ẹja láti etí ọ̀sà ti gba gbogbo ìlú. Wọ́n pe Táyé Ajíbóyè, Kẹ́hìndé dìde. Kò sí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti mọ bí ìbéèrè náà ṣe ń rí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì dùn mọ́ ọn bí eré òṣùpá. Ó parí kí wọ́n tó ní kí wọ́n dúró. Nígbà tó jáde, ìyá rẹ̀ ra ẹja díndín fún un, Kẹ́hìndé sì béèrè ti Táyé. Wọ́n pọ́n ọn sínú bébà lọ́tọ̀, ó gbé e sórí itan títí wọ́n fi délé, kò tọ́ ọ wò.

Nígbà tí èsì jáde, orúkọ Táyé wà níbẹ̀. Ti Kẹ́hìndé ò sí. Tíṣà Fáṣínà ní díẹ̀ báyìí ló kù fún Kẹ́hìndé, pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó sunkún. Ó wá di pé ọmọ tó kọ ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì ti bá èkejì rẹ̀ gba nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ ò rí gbà. Ìyá Ìbejì jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná. Ó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rò pé yóò bínú, wọn yóò sì jọ lọ dá àyè náà padà. Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè ti sọ fún gbogbo ọ́fíìsì pé ọmọ òun wọlé. Wọ́n ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ̀ pàápàá ti mọ̀ ọ́n lórúkọ nítorí rẹ̀.

"Ẹni tó kọ ọ́ ni kó lọ," ni bàbá náà wí. "Táyé, Kẹ́hìndé, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

Bí Kẹ́hìndé ṣe di Táyé nìyẹn. Nígbà tí ìjọba ò sì lè ní Táyé Ajíbóyè méjì, wọ́n fi orúkọ Kẹ́hìndé mú Táyé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà nítòsí ilé. Wọ́n pe àwọn ọmọ náà jókòó, wọ́n kì wọ́n nílọ̀. Nínú ilé, kí kálukú jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jáde síta, kí wọ́n pààrọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀rín náà ò dé Ẹ̀pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí Kẹ́hìndé kọ́kọ́ débẹ̀, olùkọ́ yóò pe Táyé, kò ní dáhùn, títí ọ̀kan nínú wọn fi ní kí wọ́n mú un lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ yàrá rẹ̀ gbọ́ pé ìbejì ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni àbúrò, pé wọ́n rán an níṣẹ́ wá sáyé. Òun tó ti ń ṣe ẹ̀gbọ́n látọjọ́ tó ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì! Ó gbé e mì. Èyí tó nira jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní ọsàn, bí wọ́n bá fún un ní ṣokoléètì, ó ní láti kọ́ ahọ́n rẹ̀ kó máa sọ pé, "Ti Kẹ́hìndé ńkọ́?" Ojoojúmọ́ ló ń bá ara rẹ̀ tọrọ nǹkan bí ẹni pé ẹlòmíràn ni. Inú rẹ̀ kì í dùn sí i, ó kàn ń ṣe é ni.

Ó mọ̀wé o. Kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn. Ó ń gba ẹ̀bùn lọ́dọọdún, bàbá rẹ̀ yóò wọ agbádá wá, yóò pàtẹ́wọ́ fún Táyé Ajíbóyè. Orúkọ náà ń ga sí i, ọmọ tó ni orúkọ wà ní Ìtamàga tó ń di ẹni ilẹ̀. Torí Táyé kò gbà bí Kẹ́hìndé ṣe gbà. Bí wọ́n bá pe Kẹ́hìndé ní kíláàsì rẹ̀, yóò dákẹ́. Wọ́n nà án títí, ó dákẹ́. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní olóríkunkun ni. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní òpè ni, pé ó ṣeni láàánú, ìbejì rẹ̀ tó wà ní Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún kejì ni Táyé ò ti bá ìyá wọn wá síbi àbẹ̀wò mọ́.

Nígbà ìsinmi ọdún kẹta, Kẹ́hìndé mú ìwé àdììtú kan wálé láti iléèwé. Bébà kíká náà ni, èyí tí wọ́n máa ń lu ihò sí. Èyí tó wà lójú ewé yẹn ti dà á láàmú fún ìgbà díẹ̀, ó ti fi pẹ́ńsù yà á títí, ó ti pa á rẹ́. Táyé jókòó tì í, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú àwo. Ó na ọrùn wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Mẹ́jọ ni ihò ibẹ̀," ló wí. "Méjì wà láàárín, ìyókù wà létí." Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Kẹ́hìndé gé bébà, ó ká a, ó lù ú, ó tú u. Bí Táyé ṣe sọ ló rí. Ó bi í pé ta ló kọ́ ọ, Táyé ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni pé òun lòun ní ọpọlọ tí wọ́n ń wá, pé bí Táyé bá tiẹ̀ jókòó sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kì bá tí wọlé. Kò tún lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ mọ́. Orí àga ẹlòmíràn ló jókòó lé, ẹni tó ni àga sì mọ̀ ọ́n jókòó.

Ó gbìyànjú láti bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó máa dáhùn ní kíláàsì, kó jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó wà lórí rẹ̀, pé orúkọ ò ṣe nǹkan kan.

"Ìwọ ló ń jẹ́ tèmi," Táyé wí. "Kí ni èmi ń jẹ́?"

"Tèmi."

"Mi ò fẹ́ ẹ. Bí mo bá fi ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò ní rí tèmi gbà mọ́ láé."

Kẹ́hìndé padà sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn. Ó wá rí i pé òun ti há. Bí òun bá sọ òtítọ́, wọn yóò lé òun, wọn yóò sì dá Tíṣà Fáṣínà dúró níṣẹ́, ọkùnrin tó ṣe onídùúró láìmọ nǹkan kan. Bàbá òun ò ní lè gbé ojú sókè ní ọ́fíìsì mọ́. Bí òun bá sì dákẹ́, Táyé ni yóò máa rà lọ nínú orúkọ tí kò fẹ́, láàárín àwọn olùkọ́ tó ń pè é ní òpè. Ìgbà mìíràn wà tí yóò jókòó sí ẹ̀yìn họ́ọ̀lù níbi tí èèyàn ti lè rí ọ̀sà, yóò pe orúkọ ara rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé, kó má bàa gbàgbé rẹ̀.

Ní ọdún kẹrin ni Ọ̀mọ̀wé Mojúbàolú dé láti yunifásítì. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó fẹ́ mọ bí ọpọlọ àwọn ọmọ tí wọ́n ṣà náà ṣe ń dàgbà, ó sì tún fún gbogbo wọn ní irú ìdánwò tó gbé wọn wọlé. Nígbà tó gbọ́ pé Táyé Ajíbóyè ní ìbejì, pé díẹ̀ báyìí ló kù kí ìbejì náà wọlé nígbà yẹn, ojú rẹ̀ là. Ó ní òun yóò lọ bá a ní Ìtamàga, òun yóò dán an wò fúnra òun. Ó ní bó bá ṣe dáadáa, òun yóò bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n wá àyè fún un.

Kẹ́hìndé ò mọ̀ bóyá kí òun yọ̀ ni tàbí kí òun sá. Ọ̀nà kan ti là fún Táyé. Nígbà tí ìyá wọn wá sí àbẹ̀wò, Kẹ́hìndé dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kó bá òun bẹ Táyé, kó kọ ìdánwò náà, kó jọ̀ọ́, kó fi orúkọ yòówù kó jẹ́ kọ ọ́. Ìyá Ìbejì ní òun gbọ́. Ó ti rù, ohùn rẹ̀ kì í dún sókè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní kí Táyé Ajíbóyè wá sí ọ́fíìsì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Ọ̀mọ̀wé. Kẹ́hìndé wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀mọ̀wé ní kó jókòó. Inú rẹ̀ ò dùn.

"Ó dùn mí, Táyé," ló wí. "Kẹ́hìndé kàn jókòó síwájú mi ni. Mo fún un ní ìwé, mo fún un ní pẹ́ńsù, mo ṣàlàyé fún un títí. Kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí àkókò tó, ó dìde, ó ní ẹ ṣé, mà. Ó jọ pé ìwọ lo kó gbogbo ọpọlọ yín lọ."

Kẹ́hìndé rí Táyé lójú inú ara rẹ̀, tó jókòó gbọnrangandan nínú pálọ̀ wọn, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, tí ìdáhùn gbogbo wà lórí rẹ̀, tí kò sì fẹ́ fi wọ́n lé orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n wá ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí pé òfìfo ni. Gbogbo rẹ̀ ti parí. Àánú Táyé ṣe é débi pé ó fẹ́ ké.

Ọ̀mọ̀wé Mojúbàolú rò pé ìtìjú nítorí ìbejì rẹ̀ ló mú un. Ó fẹ́ tù ú nínú. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú aago ọwọ́ tuntun kan jáde, ó ní òun rà á fún ọmọ tó ṣe dáadáa jù, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Kẹ́hìndé wo aago náà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó wà ní ṣíṣí.

"Ti Táyé ńkọ́, mà?" ló wí.

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣebí ìwọ ni Táyé?"

Ó rọrùn láti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Kó kàn sọ pé ẹnu òun ló ṣì, ọ̀rọ̀ náà á tán síbẹ̀. Obìnrin náà ti dìde, ó ń pa àpò rẹ̀ dé. Ojú Tíṣà Fáṣínà wá sọ́kàn Kẹ́hìndé, agbádá bàbá rẹ̀ wá sọ́kàn rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á gidigidi. Àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́rin ti tó fún ọmọ láti máa bá ara rẹ̀ tọrọ nǹkan.

"Rárá, mà," ló wí. "Kẹ́hìndé ni mí."

Ọ̀mọ̀wé tún jókòó. Ó bi í pé ta wá ló kọ ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Ẹ̀pẹ́ nígbà yẹn. Kẹ́hìndé ní òun ni. Ó bi í pé èyí tí wọ́n ṣe ní Ìkòródú ńkọ́. Kẹ́hìndé ní òun náà ni.

"Táyé wá ńkọ́?"

Kẹ́hìndé gbé aago náà sórí tábìlì.

"Kò sẹ́ni tó tíì dán Táyé wò, mà."